Ohun Tí Dúrótìmí Gbọ́ Lọ́jọ́ Ẹtì

"Irú bàtà tó pa ọmọ àbúrò mi rèé. Ó ti padà wọlé."

Àǹtí Rónkẹ́ gbé e sókè láàárín pálọ̀, ó fi ìka méjì di okùn rẹ̀ mú bí ẹni tó gbé òkú eku. Bàtà funfun ni, irin pẹlẹbẹ wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Calgary ní Kánádà fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Inú basement, yàrá abẹ́ ilé, ló ti rí i, lẹ́yìn àpò ìrẹsì, níbi tí Morọ́láyọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀," ni Morọ́láyọ̀ wí. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, snow kò sì tíì yọ́ tán lára bàtà tó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí n gbé e sílẹ̀ kẹ̀? Kí o lè fi pa èwo? Ṣé èyí tó kù ń bẹ níbì kan tí a ò mọ̀ ni?"

Dúrótìmí, ọkọ Morọ́láyọ̀ àti àbúrò Rónkẹ́, jókòó sórí àga, ó ń wo fóònù. Ẹnjiníà ni ní downtown. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń kọ́ àwọn ọkọ ní ẹ̀kọ́ ìdílé ní ìjọ wọn, gbogbo ènìyàn ló sì ń pè é ní ọkùnrin jẹ́jẹ́. Kò gbé ojú sókè. Ẹ má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ tàn yín jẹ. Nínú gbogbo ohun burúkú tó wà nínú ilé náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló burú jù.

"Dúró, ṣé o ò ní sọ̀rọ̀ ni?" ni Rónkẹ́ bi í.

"Kí ni kí n sọ? Ó ti gbàgbé ohun tó ṣe nígbà kan rí."

Morọ́láyọ̀ wò ó. Kò gbàgbé. Ohun tó ń jẹ ẹ́ gan-an nìyẹn.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Falconridge, àdúgbò wọn ní Calgary, ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí kò yọ̀ lórí yìnyín rí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, yìnyín tó mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń mú omi inú ọ̀rá tutù lọ. Síbẹ̀, nígbà tó máa fi tó ẹ̀kọ́ kẹrin, ó ti lè jáwọ́ lára pákó tó yí gbọ̀ngàn náà ká, kó sì yọ̀ dé àárín. Ó ní kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Oyún oṣù méjì wà nínú rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ṣe àyẹ̀wò oyún náà fún un lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ní àwọn yóò pè é. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣubú lórí yìnyín, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ambulance gbé e lọ. Kó tó di alẹ́, oyún ti lọ.

Dúrótìmí pe ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, ó ní, "Orí yìnyín ló ti ṣubú, Màámi." Kò ṣe àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn kan ló fi ń parí gbogbo àríyànjiyàn. Nígbà tí Morọ́láyọ̀ rí iṣẹ́ tó dára ní ìlú Edmonton: "Lẹ́yìn ohun tí o ṣe?" Kò lọ. Nígbà tí Rónkẹ́ dé láti Nàìjíríà, tó gba yàrá tó dára jù lókè: "Lẹ́yìn ohun tí o ṣe?" Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Oyún mìíràn kò sì dúró.

Mardiyah, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló tì í padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ náà. "O máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìnyín yẹn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀," ni Mardiyah wí. "Wọlé lọ mú un." Ó ra bàtà náà, ó lọ. Olùkọ́, obìnrin onírun funfun kan tó ń jẹ́ Linda, dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n nítorí bí wọ́n ṣe gbé e jáde nígbà yẹn, kó kọ́kọ́ gba ìwé wá lọ́wọ́ dókítà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Rónkẹ́ rí bàtà.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni Rónkẹ́ wí. "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Màámi máa wà lórí fóònù. Wàá fi Bíbélì búra pé o ò ní fẹsẹ̀ kan yìnyín mọ́ láéláé. Bí o bá kọ̀, kó ẹrù ẹ. Màámi ti rí ọmọbìnrin kan fún Dúró."

Morọ́láyọ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ rí dókítà rẹ̀ ní Sunridge, kì í ṣe nítorí ó ti pinnu láti ṣorí kunkun, àmọ́ nítorí ó ti gba appointment náà sílẹ̀, kì í sì í fi àkókò ẹlòmíràn ṣòfò. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ le. Ó ṣí kọ̀ǹpútà.

"Mo rántí oyún yẹn," ni dókítà wí. "Ó dùn mí pé irú èsì bẹ́ẹ̀ la fi ránṣẹ́ sí yín."

"Èsì wo?"

"Ti àyẹ̀wò Ọjọ́bọ̀. Ọkàn ọmọ náà ti dákẹ́. Bí a ṣe wọ̀n ọ́n, ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tó ti dákẹ́."

Morọ́láyọ̀ ní kò sẹ́ni tó pe òun. Dókítà wo àkọsílẹ̀, ó ní wọ́n pè. Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà sí i kó fojú ara rẹ̀ kà á: *A bá ọkọ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí aláìsàn ṣe fọwọ́ sí i. Ó ní òun fúnra òun yóò sọ fún un, wọn yóò wá lọ́jọ́ Ajé.*

Òótọ́ ni, ó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà Dúrótìmí ló kọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: nọ́ńbà olórí ilé ni nọ́ńbà ilé.

Ó gba ìwé méjì: ọ̀kan fún Linda, ọ̀kan tó gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà. Ó jókòó sínú mọ́tò títí gíláàsì fi di funfun pẹ̀lú èémí rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí kò pa. Ọkùnrin tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ ọ tó ń sunkún, ó ń yí ojú sí ògiri.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó se oúnjẹ, ó lọ síbi iṣẹ́, ó dúró de ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Rónkẹ́ gbé fóònù ti agolo mílíìkì, ojú Màámi sì yọ láti Òṣogbo. Bíbélì wà lórí tábìlì.

"Gbé ọwọ́ lé e," ni Rónkẹ́ wí.

"Màá búra, Màámi," ni Morọ́láyọ̀ wí. "Àmọ́ ọkọ mi ni olórí ilé. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ búra tiẹ̀."

"Kí ni Dúró fẹ́ búra lé lórí?" ni ìyá béèrè.

"Kó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan nípa oyún náà lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó di pé mo ṣubú lọ́jọ́ kejì."

Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò ju ìyẹn lọ? Dúró, dá a lóhùn, ká ráyè jẹun."

Ọwọ́ Dúrótìmí kò kúrò lórí itan rẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pa irọ́. Èyí tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé Bíbélì pa, kò lágbára rẹ̀.

"Dúró?" ni ìyá wí.

"Màámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí…"

"Mò ń gbọ́ ẹ ketekete."

Morọ́láyọ̀ tẹ́ ìwé náà sórí Bíbélì, ó kà á ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìgbé ohùn sókè. Nígbà tó parí, ó ní, "O mọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún nìyẹn tí kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ẹ."

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ Àìkú," ni Dúrótìmí wí. "Inú ẹ ń dùn sí ẹ̀kọ́ yẹn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

"Lẹ́yìn tí mo ṣubú ńkọ́?"

"Màámi ń bi mí léèrè ohun tó fà á. Mo rò pé tí mo bá ní ó kàn kú bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ yẹ ara mi wò…"

"O wá fà mí lé wọn lọ́wọ́."

Rónkẹ́ ní, "Èmi ò mọ̀ o. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ gbádùn ẹ̀."

Ìyá ti bọ́ gèlè lórí. "Ọdún márùn-ún ni mo ti ń dúró níbi àdúrà, tí mò ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní apànìyàn. Morọ́láyọ̀, o ò lè rí orúnkún mi nínú fóònù yìí, àmọ́ ilẹ̀ ni mo wà. Rónkẹ́, kó kúrò nínú yàrá tí o gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ Dúró, lọ́la ni màá lọ bá àwọn òbí ọmọbìnrin yẹn, kí n sọ irú ọkùnrin tí o jẹ́ fún wọn."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìròyìn náà kò dúró sí Òṣogbo, ó wọ ọkọ̀ òfúrufú padà wá bá ìjọ ní Calgary, wọ́n sì fún ẹlòmíràn ní ẹ̀kọ́ ìdílé kọ́. Rónkẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan tí kò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Dúrótìmí wà ní basement pẹ̀lú àpò ìrẹsì, ó ń dúró de ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ẹnikẹ́ni kò ṣe é ní ìkà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó palẹ̀ ẹrù kankan mọ́, Morọ́láyọ̀ ti mú bàtà rẹ̀, ó ti dé gbọ̀ngàn yìnyín. Linda gba ìwé dókítà, ó fún un ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà, ó kọ tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí àwọn lè pè bí nǹkan bá ṣe é, ó kọ Mardiyah.

Ó so okùn bàtà le dáadáa. Ó di pákó mú, ó jáwọ́, ó yọ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún. Kó tó dé àárín, ó ṣubú. Ìdí rẹ̀ balẹ̀ gbì, òtútù wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí yìnyín, ó ń dúró de ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọdún márùn-ún.

Kò sí ẹni tó kú. Ó dìde.