Elégédé Màmá Miláńdì

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún ni igbe ta nínú gbọ̀ngàn àdúgbò tó wà lẹ́bàá ọgbà Parsloes, ní Dagenham nílùú òyìnbó. Wọ́n ti kó gbogbo elégédé Màmá Miláńdì lọ! Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Morákinyọ̀ tó dé, àwọn ará Háítì tó ń gbé ládùúgbò náà ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ lérí.

"Ọbẹ̀ òmìnira wa ni mo fẹ́ fi wọ́n sè lọ́la," ni màmá arúgbó náà wí. "Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣẹrú fún àwọn Faransé, àwọn ló ń se ọbẹ̀ yìí, ọ̀gá nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ kìíní ọdún tí a gba òmìnira ni àwa náà tó fẹnu kàn án. Láìsí i, a ò tíì ṣọdún. Mi ò sì rí elégédé mìíràn rà mọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Morákinyọ̀. Ó wo ilé ìdáná: ẹran wà, àlùbọ́sà wà. Olè wo ló ń fi ẹran sílẹ̀?

"Ibo ni elégédé wà tẹ́lẹ̀, Màmá?"

"Ilé ìdáná ti kún. Mo tò wọ́n sórí tábìlì iwájú gbọ̀ngàn lálẹ́ àná, lórí aṣọ funfun."

Ṣọpẹ́, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn, ò dúró kí wọ́n bi òun. "Inspector sir, I swear, èmi kọ́! Mo kàn ṣílẹ̀kùn fún ìjọ Aládúrà tó ń ṣe ìsìn níbí láàárọ̀, mo wá lọ ra bread. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé, someone's been walking barefoot. Nínú snow! Who does that?"

Morákinyọ̀ wo ipa ẹsẹ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ bá Bàbá Olúṣínà, alàgbà ìjọ, tó ń palẹ̀ àbẹ́là mọ́, tó sì yára fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá. Ṣé yìnyín ò dun ẹsẹ̀ yín?"

"Yìnyín wo, ọmọ mi?"

"Ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà, ìyá mi ti nà mí nítorí ẹ̀ rí. Èso tó bá sì wà lórí aṣọ funfun níwájú ìjọ, èso ìdúpẹ́ ni lójú yín, ẹ máa ń pín in lẹ́yìn ìsìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi fọwọ́ kan ẹran. Bàbá, ẹ ti pín elégédé elélégédé!"

Ọwọ́ pálábá Bàbá ségi. "Mo rò pé Sister kan ló mú un wá ni. Nígbà tí mo gbọ́ police, àyà mi já. Ẹni bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora!"

"Ẹ gbé fóònù yín, ẹ pe àwọn ará ìjọ tí ẹ pín in fún."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ ti ń dé láti Whalebone àti Dagenham Dock, elégédé ń bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọbẹ̀ ń hó, orin gba gbọ̀ngàn kan, ṣùgbọ́n Bàbá Olúṣínà dúró síta, ojú ń tì í. Màmá Miláńdì bu abọ́ àkọ́kọ́, ó gbé e lọ bá a.

"Ìta ni wọ́n ń lé àwọn baba wa sí tí wọ́n bá ti sè é tán," ló wí. "Èmi ò ní se é kí n lé ẹnìkan síta. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."