Ìgò Oògùn Imú Tó Dì

Ìgò náà ti le koko bí òkúta. Ọmọbìnrin náà yọ ọ́ nínú yàrá yìnyín fìríìjì, ó mì ín létí, kò gbọ́ nǹkan kan. 

Oògùn bàbá rẹ̀ ni. Télọ̀ ni bàbá, àìsàn kan sì ti ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n fún ọdún mẹ́ta. Oògùn tó ń gbé mì tẹ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú ọpọlọ, níbi tí àìsàn náà fìdí sí. Nígbà tí ilé ìwòsàn ń wá àwọn tí yóò dán oògùn tuntun wò, bàbá yọ̀ǹda ara rẹ̀. Imú ni wọ́n ń fín tuntun yìí sí. Inú hóró tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ni wọ́n kó o sí, hóró náà á sì gba òkè imú wọ ọpọlọ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì sunkún ayọ̀. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ yìí ti kú, kò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá rí.

Ọmọ náà ló ń fín oògùn fún un láràárọ̀, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, tó ń dá ìgò padà sínú fìríìjì níbi tí kò ti ní dì, bí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ṣe kọ́ ọ. "Akọ̀wé mi" ni bàbá ń pè é. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìdánwò ìṣirò ń lé e, ó gbàgbé ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, nínú oòrùn. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ó sáré gbé e sínú yàrá yìnyín kó lè tètè tutù. Ó ní òun á yọ ọ́ láìpẹ́. Ìwé kíkà gbé e lọ.

Nígbà tí yìnyín yọ́, oògùn tó máa ń funfun bíi mílíìkì tí wọ́n fi omi là ti pín sí méjì: omi mímọ́ lókè, ohun funfun tó ṣù pọ̀ nísàlẹ̀.

"Mì ín dáadáa, jàre!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí lórí fóònù. "Ta ló máa mọ̀? Tó o bá sọ, wọ́n á yọ bàbá ẹ kúrò. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Ohun tó fẹ́ kọ́ nìyẹn. Ó mì ín, ó sì ń fín in sí bàbá nímú láràárọ̀. Ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì dé.

"Bàbá, ẹ na ọwọ́."

Ọwọ́ náà ń gbọ̀n gan-an. Báńdéèjì wà ní ìka méjì. Lórí tábìlì, ojú rírán aṣọ iléèwé kan wọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

"Ẹ wo abẹ́rẹ́ yìí," ni bàbá wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi í gún aṣọ. Ó wá ń gbẹ̀san aṣọ lára mi."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìwé. "Ẹ ò fo ọjọ́ kankan. A jẹ́ pé oògùn yìí ò bá yín lára mu nìyẹn. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn, ká sì dá a dúró."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ iléèwé náà díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ṣáà ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

Kálàmù kan ìwé. Ọmọ náà di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́! Èmi ni. Mo jẹ́ kó dì. Mo mì ín, mo sì dákẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí. "Tó bá ti dì, ṣe ni hóró wọ̀nyí máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Wọn ò lè kọjá mọ́." Ó yíjú sí i. "Ká ní o pè mí lọ́jọ́ Ajé ni, mo ní ìgò mìíràn lọ́wọ́. Ṣé o mọ ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀? Pé oògùn kò ṣiṣẹ́! Àwọn mìíràn tọ́wọ́ wọn ń gbọ̀n ń dúró de ohun tá a bá kọ."

"Ṣé ẹ máa yọ bàbá mi?"

"Mi ò mọ̀. Dókítà ló máa sọ."

Dókítà kò yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kó fi oṣù kan sinmi kó tó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Oníbàárà gbé aṣọ iléèwé lọ fún télọ̀ mìíràn. Bàbá kò bá ọmọ náà wí, èyí ló sì dùn ún jù. Láràárọ̀, kó tó lọ sí iléèwé, ọmọ náà á gbọ́ ohùn bàbá nídìí máṣíìnì:

"Akọ̀wé mi, bá mi ki òwú."

Á ki òwú náà bọ abẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà tí òwú bá wọlé, á tún yé e sí i: àṣìṣe rẹ̀ kò gbà ju ọ̀sán kan lọ, dídákẹ́ tó dákẹ́ ló gba oṣù kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè sọ ọ́, nígbà tí àtúnṣe ṣì wà nítòsí.