Ọ̀gágun Lórí Afárá

Igbá tíì máté tó wà lọ́wọ́ Wilmar Etchart kò tutù. Ó ti ń fà á láti ọ̀sán, omi inú rẹ̀ kò sì dín. Wilmar kíyè sí i, àmọ́ kò kà á sí, torí eré ogun tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣe ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tó ń bá a jà ní gbogbo ìlú Paysandú. Tẹ́lẹ̀, Heber ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, lórí tábìlì, láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Lọ́jọ́ kan, Heber gbé ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan síwájú tán, ló bá tún fẹ́ dá a padà. Wilmar ní, "Olè! Ẹ̀rọ sàn jù ọ́ lọ. Ẹ̀rọ kì í rẹ́ni jẹ." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Wilmar lọ́kàn bí ikán ṣe ń jẹ igi, àmọ́ agídí ò jẹ́ kó lọ bẹ̀bẹ̀.

Ohun tó wá ṣàjèjì ni pé ẹ̀rọ náà ti ń jà bíi Heber. Ẹ̀rọ kì í bẹ̀rù, èyí ń bẹ̀rù ìkọlù láti apá òsì. Ẹ̀rọ kì í sinmi, èyí máa ń dákẹ́ lásìkò oorun ọ̀sán. Wilmar kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ bù máṣọ.

Ó gbọ́ ohùn. Inú gíláàsì kọ̀ǹpútà ló ti ń wá, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri.

"Ẹ tún ti fìdí rẹmi, Bàbá Heber!" Mabel ni, ọmọbìnrin Wilmar.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Bàbá ẹ ò gbà fúnni nígbà tó wà láyé. Ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi tiẹ̀ náà ò gbà!"

"Gbogbo eré tó fi pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà ni mo ní kí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ yìí. Látìgbà tá a ti sin ín, ilé yẹn ò gbà mí."

Wilmar wo ọwọ́ rẹ̀. Kò rí igbá, kò sì rí ọwọ́. Ó fẹ́ dìde, kò rí ẹsẹ̀ tó máa fi dìde. Ó pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, ohùn ò jáde. Áà, ikú dóró! Kò sí ẹnu tó kù fún un mọ́ ju àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ.

Láyé ijọ́un, ẹni tó bá fẹ́ tọrọ àforíjì nínú òun àti Heber á gbé ọ̀gágun rẹ̀ jáde láìsí ẹ̀ṣọ́, á fi í sí àárín afárá odò tó pààlà sáàárín ẹgbẹ́ ogun méjèèjì. Ẹnì kejì á fa ìbọn ńlá rẹ̀ sẹ́yìn, eré á parí síbẹ̀, wọ́n á sì jọ jẹ tọ́tà fìríta, ìyẹ̀fun díndín, ní gbígbóná. Heber ti ṣe é láìmọye ìgbà. Wilmar ò ṣe é rí. Kọ̀ǹpútà kankan ò sì ní dán an wò, torí ìwà òmùgọ̀ gbáà ni lójú ogun.

Wilmar gbé ọ̀gágun rẹ̀ sórí afárá.

Ó ń gbọ́ bí Heber ṣe ń mí.

"Mabel, wá wo nǹkan."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?"

"Wo ọ̀gágun yẹn. Ó ń tọrọ àforíjì." Heber fa àga rẹ̀ sún mọ́ gíláàsì. "Ohun tí mo retí lọ́dọ̀ bàbá ẹ rèé, títí wọ́n fi gbé e wọlẹ̀."

"Àbí òun ni, Bàbá Heber?"

Èmi ni, ni Wilmar ń wí. Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni.

"Òun kẹ̀? Wilmar á jẹ́ kí gbogbo ọmọ ogun ẹ̀ kú tán kó tó bẹ èèyàn. Má tàn mí, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́, kò jọ ọ́ mọ́." Ó fọn imú. "Pa á rẹ́."

"Pátápátá?"

"Pátápátá. Mi ò lè máa wo èyí."

Mabel ń sunkún bó ṣe ń pa á rẹ́. Odò ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni etí odò méjèèjì. Ọ̀gágun dúró lórí afárá tí kò dé ibì kankan mọ́, ó ń retí kí wọ́n fa ìbọn sẹ́yìn.