Ojú Mi Ni Kí O Máa Wò

Abẹ́rẹ́ ló gbé ọkọ mi wá bá mi, abẹ́rẹ́ náà ló sì fẹ́ lé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, torí ìyá yẹn a máa bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Àwa là ń gún wọn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó wọ bàálù, àwa là ń sọ irú omi tí wọn ò gbọdọ̀ mu fún wọn, àwa náà la sì ń gbà wọ́n bí wọ́n bá gbé àìsàn bọ̀ wálé. Yàrá kékeré ni: àga kan, fìríìjì oògùn kan tó máa ń kùn ṣáá, àti àwòrán ẹ̀fọn ràgàjì kan lára ògiri.

Lọ́jọ́ tó wá, ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, bó ṣe ga tó. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ń ṣe, wọ́n sì fẹ́ rán an lọ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ fún àwọn abúlé kan lókè òkun.

"Ẹ jókòó, sà," mo ní.

Kò jókòó. "Ṣé kò sí oníhóró ni? Mo lè gbé hóró mẹ́wàá mì láìsí omi."

"Abẹ́rẹ́ mẹ́ta péré ni, sà."

"Mẹ́ta! Ẹ gbà mí o! Kí ni mo fi ṣe yín?"

Òógùn ti bò ó. Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ ló wá ṣe mí. Mo ní, "Ẹ má wo abẹ́rẹ́ rárá. Ojú mi ni kí ẹ máa wò."

Ó wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wò ó kọjá bó ṣe yẹ! Mo gún un ní ti ibà pọ́njú, mo gún un ní ti táífọ́ọ̀dù, kò tilẹ̀ mira.

"Ó ku ọ̀kan," mo ní. "Ti àrùn ajá dìgbòlugi."

"Ajá kẹ̀? Omi ni mò ń lọ fà, èmi ò bá ajá ṣeré."

Mo yíjú sí fìríìjì. Kí n tó yíjú padà, ó ti lọ. Fìlà rẹ̀ nìkan ló kù lórí àga. Dókítà wa, ìyá àgbà kan tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ọ̀gá Sálọ ti lọ," ó ní. Bó ṣe di Sálọ nìyẹn.

Nígbà tí a fẹ́ tilẹ̀kùn, ó yọjú.

"Fìlà mi ni mo wá mú."

"Àti abẹ́rẹ́ kẹta."

"Fìlà nìkan, ẹ jọ̀ọ́. Àti nọ́ńbà fóònù yín. Bí mo bá ṣàìsàn lọ́hùn-ún, ta ni kí n pè?"

Mo fún un ní nọ́ńbà, mo sì ní kó padà wá gba ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun á wá. Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ó ti wọ bàálù lọ.

Àmọ́ ó pè. Ó pè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀ dáadáa, kò sì yéé pè mọ́.

"Ṣé ẹ ń se omi kí ẹ tó mu ún?" mo máa ń bi í.

"Mò ń sè é, Nọ́ọ̀sì mi."

"Ṣé ẹ ń sùn lábẹ́ àwọ̀n?"

"Èmi nìkan ni mo wà lábẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ti fẹ̀ jù fún ẹnì kan."

Aláìnítìjú! Mo ní n ò ní dá a lóhùn mọ́, mo sì dá a lóhùn. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, a ti fi "ẹ" sílẹ̀, a ti ń pe ara wa ní "ìwọ". Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń jí. Nígbà tó dé, ó ti pápá ọkọ̀ òfuurufú wá síbi iṣẹ́ mi tòun ti ẹrù, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ fẹ́ ọ." Mo ní ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ wẹ̀.

Bàbá mi ní kí àwọn ẹbí rí ara wọn. Káfíńtà ni bàbá mi, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìyá mi sì ti kú tipẹ́. Lọ́sàn-án Sunday kan, Sálọ mú ìyá rẹ̀ wá. Aránṣọ ni ìyá náà. Bó ṣe wọlé ló ti ń wo aṣọ ojú fèrèsé wa bíi pé òun fẹ́ tú u rán. Oúnjẹ délẹ̀, ẹ̀rín sọ, inú mi dùn bíi kí n fò.

"Gbogbo nǹkan ẹlẹ́mìí ló fẹ́ràn ọmọ mi," ìyá rẹ̀ ní. "Ìwọ, fi ọwọ́ rẹ hàn wọ́n. Ọmọ ajá kékeré kan ló ń tẹ̀ lé e kiri níbi iṣẹ́ wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó wálé, ajá náà gé e jẹ! Kò fẹ́ kó lọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Sálọ na ọwọ́ síta. Àpá kékeré kan wà nídìí àtàǹpàkò rẹ̀. Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Abẹ́rẹ́ wo lo gbà?" mo ní.

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Mo fi omi fọ̀ ọ́. Ó ti tó oṣù kan, ó ti jinná."

"Dìde. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

"Họ́wù!" ìyá rẹ̀ ní. "Ṣé a ti jẹun tán ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó lè jẹ́ àrùn dìgbòlugi ni."

Ó yẹ kí n wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ìyá náà fò dìde. "Ta ni dìgbòlugi? Ọmọ mi lò ń pè ní ajá dìgbòlugi, níṣojú mi, nínú ilé bàbá rẹ? Mi ò fẹ́ ìyàwó tó máa sọ ọmọ mi di wèrè kó tó wọlé wa!" Ó gbé báàgì rẹ̀.

"Ọmọ mi, rọra," bàbá mi ní.

"Bàbá, àrùn yìí kì í rọra. Ó lè sá pamọ́ sára èèyàn fún oṣù mélòó kan láìṣe é ní nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ lè dá a dúró ní gbogbo ìgbà yẹn. Àmọ́ bó bá ti fi lè bẹ̀rẹ̀, kò sí dókítà tó lè gbà á mọ́." Mo kọjú sí Sálọ. "Ọkọ mi, pe ibi iṣẹ́ yẹn. Béèrè ọmọ ajá náà."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é ní ọkọ mi nìyẹn. Ó tẹ fóònù, ó jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. Ọkùnrin tó ń dáná fún wọn níbẹ̀ ló gbé e.

"Ọ̀gá wa! Ọmọ ajá yẹn? Háà, ó ti kú o. Kò pẹ́ tí ẹ lọ. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé nǹkan mì, ó ń gé igi, ó ń gé òkúta. A ní ká pè yín, iṣẹ́ ni ò jẹ́."

Ìyá rẹ̀ rọra gbé báàgì kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ. Òun ló kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Dókítà wá láti ilé rẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún wa. Mo fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, mi ò sì lè gún un. Èmi tí mo ti gún àìmọye èèyàn! Dókítà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní láti gún un yí àpá náà ká, kó tún gún un ní apá. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga.

"Ojú mi ni kí o máa wò," mo ní.

Ó wò ó. Omijé ń dà lójú mi wàràwàrà, ó ṣì ń wò ó. Kò sá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ní kó padà wá gba ìyókù, ó wá, nígbà mìíràn ó ti máa ń dé kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó dé.

Dókítà ní ká fọkàn balẹ̀, a ti bá àrùn náà lójú ọ̀nà kó tó dé ibi tó ń lọ. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó pè mí ní ọmọ òun, ó ní ká mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ ò ní gbà gbọ́: èmi ni mo kọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ọdún kan kọjá ná, mà."

Mi ò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé àrùn náà ṣì lè yọjú kí ọdún tó yípo. Àrùn yẹn, tó bá dé, omi gan-an ni kì í jẹ́ kí èèyàn gbé mì. Bí Sálọ bá ti gbé ife omi, ọ̀fun rẹ̀ ni ojú mi máa ń wà. Bó bá wúkọ́, ọkàn mi á já. Mo sì rí i pé ọkùnrin yìí ti ń mu omi jù. Bí mo bá ti yọ sí i báyìí, ife ló máa kọ́kọ́ gbé. Mo rò pé ooru ni.

Bàbá mi pè mí sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń fá pákó, kò gbójú sókè.

"Àwọn tí ajá gé jẹ, tí wọ́n wá bá ọ, kí lo máa ń sọ fún wọn tí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ tán?"

"Mo máa ń ní kí wọ́n lọ sùn, kí wọ́n fọkàn balẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa fún wọn?"

"Rárá o, bàbá."

"Kí ló dé tí ìwọ ò sùn?"

Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ọdún kan fún mi. Ọdún díẹ̀ ló lò lọ́dọ̀ mi. Mi ò lè fi ọ̀kan nínú wọn tọrẹ."

Mi ò tíì gbọ́ kí ó sọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ tààrà sí ibi iṣẹ́ Sálọ. Ó wà láàárín páìpù àti gíríìsì. Bó ṣe rí mi báyìí, ó gbé ife omi, ó mu ún gbẹ.

"Òùngbẹ yìí pọ̀ o," mo ní.

"Òùngbẹ wo? Ọ̀fun mi lò ń wò láti ọjọ́ yìí, àbí o rò pé mi ò mọ̀? Mo bi Dókítà, ó sì ṣàlàyé fún mi. Mo wá ní bí o bá ti ń rí mi tí mò ń mu omi, ọkàn rẹ á balẹ̀." Ó nu ẹnu. "Inú mi ti fẹ́ bẹ́, Nọ́ọ̀sì mi. Ilé ìtọ̀ ni mò ń sá lọ ṣáá."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"O ní ojú rẹ ni kí n máa wò," ó ní. "Mò ń wò ó. Ẹ̀rù nìkan ni mò ń rí níbẹ̀. Ayọ̀ mi, jẹ́ kí n rí nǹkan mìíràn."

"Mú ọjọ́," mo ní. "Mú èyí tó sún mọ́ jù."

Oṣù yẹn gan-an la ṣe é. Ìyá rẹ̀ ló rán aṣọ mi, bàbá mi ló kan bẹ́ẹ̀dì wa. Nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó sọ̀rọ̀, ife omi ló gbé. Ó wò mí, ó mu ún tán láìmí. Mo pariwo, mo pàtẹ́wọ́. Dókítà náà pàtẹ́wọ́. Àwọn àlejò yòókù ń wo ara wọn.

Bàbá mi pè mí lórí fóònù láìpẹ́ yìí. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan yẹn ti kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ?"

Mi ò mọ̀. Mo ti gbàgbé pátápátá. Ní tèmi, mo dúró síwájú fìríìjì, mò ń pariwo mọ́ ọkọ mi, torí ó ti tún mu gbogbo omi tútù tán, kò sì rọ òmíràn sí i.