Ọkùnrin Ara Ìkòkò

Apá rẹ̀ méjèèjì kún fún amọ̀ dé ìgúnpá, kámẹ́rà so kọ́ ọ lọ́rùn, ó gbé ìkòkò tútù kan sókè sí oòrùn ojú fèrèsé, ó di ojú kan. Báyìí ni káfíńtà ṣe kọ́kọ́ rí amọ̀kòkò. Pẹpẹ ni wọ́n ní kó wá kàn, ló bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wòye.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ògiri lẹ fẹ́ wọ̀n ni àbí èmi?"

"Ẹ má bínú. Mo ti wọ̀n ọ́n tán." Bẹ́ẹ̀ téèpù kò tíì kúrò lápò rẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni pẹpẹ yẹn. Káfíńtà fi oṣù mẹ́ta kàn án, amọ̀kòkò kò sì ráhùn. Yóò ya fọ́tò, yóò tẹ̀ ẹ́ sára ìkòkò, yóò sun ún níná, àwòrán náà kò sì ní ṣí mọ́. Kó tó di oṣù kejì, "ẹ" ti di "o", "káfíńtà" sì ti di "ààyò mi".

Àfi ọjọ́ tí amọ̀kòkò kó ìkòkò méje jáde nínú ààrò. Ẹ̀yìn ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo wọn: ìpàkọ́, ọrùn, èjìká, láìwẹ̀wù.

"Ta nìyí?"

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó! Onígíláàsì yẹn ni, àbí? Èyí tó ń gé gíláàsì fún ẹ, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín!"

Amọ̀kòkò na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ó dùn ún dọ́kàn. "Bó bá jẹ́ ohun tó o rí nìyẹn, máa lọ."

Ó lọ lóòótọ́, kò tiẹ̀ rántí irinṣẹ́ rẹ̀. Háà, owú! Ọjọ́ mẹ́rin ni oúnjẹ ò wọnú rẹ̀. Ó rí onígíláàsì lójú títì, ó tẹjú mọ́ ìpàkọ́ rẹ̀ dé ìkòríta bí ọlọ́pàá. Ìpàkọ́ yẹn ṣẹ́po mẹ́ta, ti ara ìkòkò kò ṣẹ́po rárá, síbẹ̀ owú kò jẹ́ kó rí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló lọ bá a kó irinṣẹ́ náà wá. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló wọlé.

"Àbúrò mi, ta ló gbé ìpàkọ́ ẹ sára ìkòkò?"

"Ìpàkọ́ ta?"

"Tìẹ náà kẹ̀! Àpá tí mo fi abẹ dá sí ẹ lọ́rùn nígbà tí mo ń fá orí ẹ ní kékeré wà níbẹ̀ kedere. Amọ̀kòkò ní o bọ́ ẹ̀wù, o kọ̀yìn sóun, ò ń kan ìṣó, lòun bá yà ọ́."

Ta ló fi ìpàkọ́ rẹ̀ hàn án rí? Ojú tì í gan-an. Eré ló sá dé ọ̀hún. Ó bá amọ̀kòkò níbi tó ti ń bá oníbàárà obìnrin kan jiyàn.

"Méjèèje ni mo fẹ́," oníbàárà náà ń wí. "Yàrá mi ni màá tò wọ́n sí. Ẹ wo èjìká!"

"Wọn kì í ṣe títà mọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣebí títà lẹ pè wọ́n lánàá?"

"Ẹ má bínú. Ara mi ò gbà á kí èjìká yẹn wà ní yàrá obìnrin míì."

Oníbàárà pòṣé, ó jáde. Ìgbà yẹn ni amọ̀kòkò tó rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo jẹ̀bi," ni káfíńtà wí. "Mo rò ẹ́ pin."

"O rò mí pin lóòótọ́. Bó o bá tún fura, béèrè, kó o sì dúró gbọ́ èsì."

"Màá dúró. Mo tiẹ̀ ní ìbéèrè kan báyìí." Ó sún mọ́ ọn. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"O ò gbọ́ bí mo ṣe lé oníbàárà lọ ni? Ta ló ń ta ọkọ ẹ̀?"