Ìyẹ̀fun Igi Inú Ògiri

"Kọ́ládé, kí lò ń wò? Gbé e wá jàre!" Jesse, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kígbe láti orí àkàbà.

Àpò ìyẹ̀fun igi ni Kọ́ládé gbé sáyà, ara rẹ̀ kò sì lélẹ̀ rárá. Òjò ti ṣú láti àárọ̀, oòrùn kò yọjú, síbẹ̀ àpò náà lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ilé ìlagi ni ibi tí wọ́n wà yìí tẹ́lẹ̀, nígboro Oǹdó. Nígbà tí nǹkan le koko, tí epo dísẹ́ẹ̀lì wọ́n bí ojú, ayùn dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì fọ́nká. Bàbá Kọ́ládé wà lára wọn. Oko ló kù tó ń ro báyìí ní Oda. Akíntóyè, ọmọ ẹni tó ni ilé náà, wá ní ilé bàbá òun kò ní di ilé àdán, òun yóò sọ ọ́ di gbọ̀ngàn orin. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wà nítòsí, àwọn àgbà ìjọ sì ti kìlọ̀ pé àwọn kò fẹ́ ariwo. Ni Akíntóyè bá ní kí wọ́n kan pákó mọ́ ògiri, kí wọ́n ki ìyẹ̀fun igi sáàárín kí ó lè gbé ariwo mì. Òkìtì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀fẹ́ tí í pa ni ni. Ọmọ tó bá dàgbà nídìí ayùn mọ̀ pé irú òkìtì bẹ́ẹ̀ lè máa jóná nínú fún oṣù gbọọrọ, kí òkè rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. "Má fojú wò ó, ọwọ́ ni kó o fi kàn án," ni bàbá Kọ́ládé máa ń wí.

Kọ́ládé ki ọwọ́ bọ inú àpò. Ó gbóná. Òórùn èéfín rọra kan imú rẹ̀. Ó lọ bá Akíntóyè.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹ̀fun yìí…"

"Ṣé ẹ ò tíì kì í tán ni? Ọkùnrin rédíò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ́la o! Bí orin yín bá wọ̀ ọ́ létí, ẹ ti là nìyẹn. Bí a bá sún ọjọ́ náà síwájú, kò ní padà wá mọ́. Kí lo fẹ́ sọ?"

Kọ́ládé ro ohun tí ọ̀la lè mú wá. Láti ọdún tó kọjá ni òun àti Jesse ti ń wá irú àǹfààní yìí, òun lórí gìtá, Jesse lẹ́nu orin. Ohùn Jesse dùn débi pé àwọn olùkọ́ ilé ìwé wọn máa ń dúró gbọ́ ọ.

"Kò sí nǹkan kan, sà," ló wí. Ó padà, ó da ìyẹ̀fun gbígbóná náà sínú ògiri, ó sì kan pákó bò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èrò kún gbọ̀ngàn. Bí Jesse ti ń kọrin, tí ọkùnrin rédíò ń mi orí, Kọ́ládé rí pákó kan lẹ́yìn Jesse tó ń dúdú díẹ̀díẹ̀, bí àkàrà tó fẹ́ jóná. Ẹ̀rù bà á gidi gan-an.

"Jẹ́ kí orin yìí parí ná," ló sọ lọ́kàn ara rẹ̀.

Orin kò parí. Pákó là, èéfín rọ́ jáde, iná sọ. Igbe ta, gbogbo èèyàn sì ya lu ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run ṣe é, ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n Jesse ló sún mọ́ ògiri jù, inú èéfín ni wọ́n ti gbé e jáde.

Ní ilé ìwòsàn, Kọ́ládé jókòó tì í. Dókítà ti sọ pé èéfín ti ba ọ̀nà ọ̀fun Jesse jẹ́, pé ó lè máà kọrin mọ́ láéláé. Nígbà tí Jesse la ẹnu, ohùn rẹ̀ há kẹ́kẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi," ló wí, "ohun tó ń tù mí nínú ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé iná wà nínú ìyẹ̀fun yẹn. Ká ní ẹnì kan mọ̀ tó dákẹ́ ni, mi ò ní lè dárí jì í."

Kọ́ládé bú sẹ́kún. "Jesse, mo mọ̀."

Jesse wò ó títí, ó sì yí ojú rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó rí ewu tó sì dákẹ́ nítorí ohun tó ń wá, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ibi tó bá tẹ̀lé e.