Ọkọ̀ Alága Ń Mumi

Alága ló kọ́kọ́ ké. Igbe náà pọ̀ débi pé ẹja tó wà ní òdìkejì omi kó ẹrù, wọ́n ṣí lọ síbòmíràn. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ ìdíje ni. Ọkùnrin náà dúró sétí omi nínú ṣòkòtò funfun àti bàtà tó ń dán bí orí apárí, ó ń nawọ́ sí òpó ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ ṣóńṣó láti inú omi ẹlẹ́rẹ̀.

"Ọkọ̀ mi ti rì," ó ní. "Baba Ọ̀dà ló ṣe mí báyìí. Òwú tó fi dí ojú pákó ẹ̀gbẹ́ igi ìsàlẹ̀, lápá òsì, kò dáa. Ibẹ̀ lomi gbà wọlé."

Àwọn ọlọ́kọ̀ wo ara wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú korobá ọ̀dà, kò sì mọ̀.

Ọkọ̀ kò rì rárá, ó ń mumi ni. Bí ọkọ̀ onígi bá pẹ́ lórí ilẹ̀, pákó rẹ̀ á gbẹ, á súnkì. Kó tó rìn, wọ́n á kó òkúta sínú rẹ̀, wọ́n á rì í síbi tí omi ò jìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Pákó á mumi yó, á wú, á wá fún mọ́ra bí ètè ẹni tó ń bínú. Ọmọ ọdún márùn-ún ní èbúté yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Alága Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀, tó ti ní ọkọ̀ láti ogún ọdún, tó ní òun ti fi ìgbòkun yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, tóun sì jókòó mu tíì lẹ́yìn àbùùbùtán lọ́nà, òun ni kò mọ̀.

Baba Ọ̀dà, àgbà tó kan ọkọ̀ náà, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wọnú omi, ó kó òkúta jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Bí wọ́n ti ń gbọ́n ni omi ń wọlé. Ó ń hó ìfófòó yẹ́ẹ́ bí ẹni pé ìyá kan ń fọ ìlédìí nísàlẹ̀ ọkọ̀.

Wọ́n wọ́ ọ gòkè, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìsàlẹ̀ tó la ìdí ọkọ̀ já, ojú pákó là gbayawu, gígùn rẹ̀ tó apá ènìyàn. Kò sí òwú, kò sí ọ̀dà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn.

Alága yọ lẹ́tà láti àpò. Òfin ẹgbẹ́ ni: káfíńtà ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jò lọ́jọ́ ìdíje, á kó kúrò ní ìsọ̀ kí oòrùn tó dé àtàrí. Ogójì ọdún ni Baba Ọ̀dà ti wà ní ìsọ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni òòlù bàbá rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tí á tún gbé ọkọ̀ fún káfíńtà tí wọ́n lé.

"Mi ò fi òwú burúkú dí ọkọ̀ rí," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ìyá Ìgbòkun, tó ń rán aṣọ ọkọ̀, ló ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì obìnrin tó dé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ń pè é ní Ojú-Ò-Fọ́, torí wọ́n ní ó lè rí eṣinṣin tó ń purọ́. Alága kí i pé ó kú iṣẹ́, ó ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun ti yanjú ẹjọ́ náà. Obìnrin náà ní ẹ ṣeun sà, ó sì tẹ̀ lé ojú pákó náà lórí eékún.

Ó rí i pé etí pákó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni pé adìẹ fẹsẹ̀ wà á.

"Baba, kí lẹ fi ń yọ òwú àtijọ́?"

Baba Ọ̀dà fi ìkọ́ rẹ̀ hàn án. Eyín kan ṣoṣo ló ní, bíi ti Baba fúnra rẹ̀.

Ó bi í léèrè nípa àwọn tó kórìíra Alága. Baba ní kó jókòó, orúkọ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n méjì ló yọ. Ìyá Ìgbòkun, tí Alága já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ ra ìgbòkun rọ́bà. Àti Ẹja, ọkùnrin tó ń bá Alága du ipò kìn-ín-ní, tó lè wà lábẹ́ omi títí tí ìyàwó rẹ̀ á fi fẹ́ ọkọ mìíràn.

Ẹja kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní òun kórìíra Alága bí ẹsẹ̀ ṣe kórìíra ẹ̀gún, ṣùgbọ́n òun ò ní bínú sí ọkọ̀. "Ṣé ọkọ̀ ló ń yangàn ni?"

"O lè mùwẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kí o yọ òwú yẹn."

"Nínú pákó tó ti wú? Sájẹ́ǹtì, ẹ dán an wò. Á já wẹ́wẹ́ ni, bí ẹran tó há sí eyín."

Sájẹ́ǹtì dán an wò lára ọkọ̀ mìíràn tó ń mumi. Fọ́nrán-fọ́nrán ló ń já. Ó wá lọ sí ìsọ̀, ó tú ààtàn abẹ́ igi tí ọkọ̀ dúró lé kó tó wọ omi. Ó fa òwú kan jáde níbẹ̀: odindi, gígùn, ó dúdú fún ọ̀dà, ó gbẹ bí ẹja òrùlé.

Ìyẹn ni pé inú ìsọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, kí ọkọ̀ tó kan omi láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá Ìgbòkun bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bi í léèrè. Ó ní òun ò ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ rí, abẹ́rẹ́ òun sì lẹ́nu kan ni, kì í ṣe mẹ́rin. Àgádágodo náà ní kọ́kọ́rọ́ méjì péré, ti Baba àti ti Alága. Baba ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun nìkan lòun kúrò níbẹ̀, òun lọ ra ọ̀dà.

"Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti rin ìrìn àjò," ni Alága sọ. "Òwúrọ̀ yìí ni mo dé. Ẹ wá rí i pé ọkùnrin yìí nìkan ló kù."

"Òótọ́ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bu omi mu nílé yín."

Ilé náà ò jìnnà. Ìyàwó Alága ti tẹ́ tábìlì àjọyọ̀ fún ènìyàn méjìlá, torí ọkọ rẹ̀ ti ní òun á gba ipò kìn-ín-ní. Fọ́ọ̀kì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Níwájú àga kejìlá, ṣíbí ló dùbúlẹ̀.

"Ọ̀kan sọnù láti Ìṣẹ́gun," ni ìyàwó sọ, ó ń pòṣé. "Ọṣẹ ìfọṣọ méjì náà bá a lọ. Pólíìṣì bàtà Ọ̀gá tán láàárín ọ̀sán kan. Bóyá èkúté ló fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó."

Sájẹ́ǹtì dúpẹ́ fún omi. Kò mu ún.

Nígbà tó padà, Baba Ọ̀dà ti ń kó òòlù sínú àpò. Sájẹ́ǹtì ní kó dúró, ó ní kí Alága ṣí bùútù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ipò tó wà láwùjọ. Àlàyé náà gùn tó láti ìhín dé ọ̀run, ṣùgbọ́n Ẹja ti ṣí bùútù. Nínú ìbọ̀sẹ̀ funfun kan ni fọ́ọ̀kì wà, eyín rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rin ọ̀dà.

"Ẹ yọ òwú ní Ìṣẹ́gun, nígbà tí Baba lọ ra ọ̀dà," ni Sájẹ́ǹtì sọ. "Ẹ po ọṣẹ mọ́ pólíìṣì, ẹ fi dí i kó lè dúdú bí ọ̀dà. Ẹ rò pé wọ́n á ti ọkọ̀ sómi, ọṣẹ á yọ́, ọkọ̀ á rì. Ẹ tẹ lẹ́tà lílé Baba lọ́jọ́ yẹn gan-an, déètì rẹ̀ nìyí. Ẹ wá dé láàárọ̀ yìí, ẹ rí ọkọ̀ lábẹ́ omi, inú yín dùn, ẹ ké."

"Ọlọ́kọ̀ wo ni kò ní ké?"

"Èyí tó mọ̀ pé ọkọ̀ ń mumi. Kò burú, bóyá ẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ṣì wà nínú rẹ̀, omi sì rú bí ògì. Kò tíì sí ẹni tó rí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ ti ń ka ibi tó là fún àwọn èèyàn yìí: ẹ̀gbẹ́ igi ìsàlẹ̀, lápá òsì. Ṣé àbùùbùtán ló sọ fún yín ni, sà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín. Alága wo bàtà rẹ̀.

Ó jẹ́wọ́. Lọ́dún yìí ni ẹgbẹ́ ṣòfin pé kí olúkúlùkù tu ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ò sì tu ọkọ̀ rí. Ogún ọdún ni àwọn ẹlòmíràn ti ń tu ú, tóun ń wọ aṣọ funfun ya fọ́tò ní èbúté.

"Ẹ̀rù omi ń bà mí," ó ní. "Bí mo bá wẹ̀ nínú ọpọ́n, èébì ń gbé mi."

"Ẹ ò bá ti sọ pé ara yín ò yá," ni Baba Ọ̀dà sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ wá fẹ́ fi mí sùn níta."

Ìyàwó Alága, tó ti tẹ̀ lé Sájẹ́ǹtì dé ibẹ̀, mú fọ́ọ̀kì rẹ̀, ó nù ún lára ṣòkòtò funfun náà, ó sì kọrí sílé. Sájẹ́ǹtì ní kó dúró, ẹ̀rí ni. Ó dá a padà láìwo ojú ọkọ rẹ̀.

Baba Ọ̀dà tú àpò òòlù. Láàárín wákàtí kan, ó ti fi òwú tuntun dí ojú pákó, ó kun ọ̀dà. Wọ́n fagi lé ohun tí lẹ́tà náà sọ, wọ́n sì ní kí Baba fúnra rẹ̀ tu ọkọ̀ náà, torí kò sẹ́ṣẹ̀ tí ọkọ̀ ṣẹ̀. Ìyá Ìgbòkun ta ìgbòkun aṣọ rẹ̀ sí i lórí òpó.

Kí ó tó wọ ọkọ̀, Baba fọwọ́ gbá ìdí ọkọ̀ náà, ó wo Alága tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò ọlọ́pàá pẹ̀lú pólíìṣì lábẹ́ èékánná.

"Pákó bá wú, ihò ara rẹ̀ á dí," ó ní. "Ènìyàn wú títí fún ogún ọdún, ìdí rẹ̀ ṣì ń jò."

Ó ta ìgbòkun, atẹ́gùn gbé e, ó lọ.